Wáàtì mélòó ni súbù ilé ń fẹ́ kó tó lè sọ̀kalẹ̀ dé 20 Hz? Ẹ bá mi dá sí i

ỌmọOnílù, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ súbù, ìyẹn sípíkà tó wà fún ohùn ìsàlẹ̀ (béèsì), tí mo kàn fúnra mi ni mo gbé wá. Sípíkà onínṣì 12 kan ṣoṣo ni, óòmù 4, nínú àpótí pákó tí mo dí pa, tí inú rẹ̀ gba lítà 60. Nǹkan bí 40 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni ohùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Áńpù wáàtì 300 RMS, ìyẹn wáàtì tó lè máa fún sípíkà láìdáwọ́ dúró, ni mo fi ń lò ó. Pálọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 12, búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, lúfà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì.

Tí bàbá mi bá wà nílé, orin jùjú àtijọ́ la máa ń gbọ́. Tí wọ́n bá jáde, fíìmù ni. Ohùn tó wà lókè 40 Hz dùn, ó tilẹ̀ ń mi tábìlì. Àmọ́ tó bá ti kọjá ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ńṣe ló máa ń pòórá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo ṣí EQ, ohun tí a fi ń gbé ohùn kan sókè tàbí ká gé e kù, lórí kọ̀ǹpútà, mo fi dB 12 (dB ni òṣùwọ̀n ariwo) kún 20 Hz. Ìṣẹ́jú méjì ò tíì pé tí iná pupa ara áńpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "gbà! gbà!" nínú sípíkà, bí ìgbà téèyàn ń fi òòlù lu páànù. Mo sáré pa á. Àyà mi já gidi.

Ẹni tí mo bi léèrè lọ́jà ní kí n lọ ra áńpù wáàtì 2000. Owó yẹn kì í ṣe kékeré fún mi. Kí n tó ná an, ẹ jọ̀ọ́, wáàtì mélòó gan-an ló yẹ kí n ní? Àbí EQ ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?

OlùkọFísíìsì, Ẹdẹ

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Má tíì ra nǹkan kan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò.

dB tí o rí lójú EQ kékeré lójú, àmọ́ kì í ṣe ìròpọ̀ ni áńpù máa ń fi san án, ìsọdipúpọ̀ ni. Fi dB 3 kún un, wáàtì di ìlọ́po méjì. dB 6, ìlọ́po mẹ́rin. dB 10, ìlọ́po mẹ́wàá. dB 12 tí o fi kún 20 Hz lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Tí orin bá ń gba wáàtì 20 péré lọ́wọ́ áńpù rẹ ní 40 Hz, tí ohùn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ sì wọlé ní 20 Hz, 20 lọ́nà 16 jẹ́ 320. Áńpù rẹ ò ní in. Ohun tí iná pupa yẹn ń sọ fún ọ nìyẹn.

Ti áńpù la ṣì ń sọ o. Ti sípíkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ni súbù ń tì. Kí ariwo tó lè dọ́gba, gbogbo ìgbà tí Hz bá wálẹ̀ dé ìdajì, kóònù sípíkà, ìyẹn ojú rẹ̀ tó ń mì, gbọ́dọ̀ rìn ní ìlọ́po mẹ́rin ìrìn tó ń rìn tẹ́lẹ̀. Tó bá ń rin mìlímítà 3 ní 40 Hz, á rin 12 ní 20 Hz. "Gbà! gbà!" tí o gbọ́ ni kọ́ìlì tó ti rìn kọjá àyè tí wọ́n ṣe fún un, tó wá ń forí sọ irin ìdí máágínẹ́ẹ̀tì.

Mo jókòó ṣe ìṣirò kan fún ọ lálẹ́ àná. Ká ní kóònù rẹ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà sìkúwíà 480, tó sì lè rin mìlímítà 12 síwájú àti 12 sẹ́yìn láìba ohùn jẹ́. Tí o bá gbé e sílẹ̀ ní gbangba, tí o dúró ní mítà kan sí i, ohùn tó lè fún ọ ní 40 Hz jẹ́ nǹkan bí dB 108. Ní 20 Hz, nǹkan bí dB 96 ni. Kò ní lọ jù bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ áńpù wáàtì 2000 ni o so mọ́ ọn, ì báà jẹ́ 20,000. Wo ìṣirò náà dáadáa: kò sí wáàtì nínú rẹ̀ rárá. Fífẹ̀ kóònù àti ìrìn rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Etí wa náà dá kún ìṣòro yìí. Ní 40 Hz, ohùn tó bá tó nǹkan bí dB 51, etí tó yè kooro ti lè fura sí i. Ní 20 Hz, ó di nǹkan bí 78 kí etí tó mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Nítorí náà dB 96 tó dà bí ariwo ńlá lórí ìwé, díẹ̀ ló fi ju ìdákẹ́jẹ́ lọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Wá ìwé tó bá sípíkà rẹ wá. Wo ibi tí wọ́n kọ Xmax sí, ìyẹn bí kóònù ṣe lè rìn tó sí ẹ̀gbẹ́ kan láìba ohùn jẹ́. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì fún ọ ju wáàtì tí wọ́n tẹ̀ sí ara páálí lọ.

Atúnrédíòṣe, Aláàbà

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ ti là á mọ́lẹ̀. Ti ọjà ni kí n sọ, torí ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń tú áńpù palẹ̀.

Wáàtì tí wọ́n kọ PMPO sí iwájú rẹ̀, ẹ má kà á rárá. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ṣe ìṣirò kankan. RMS ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè pé sí óòmù mélòó. Tí wọ́n bá kọ 2000 gàdàgbà síwájú rẹ̀, ẹ yí i padà, kí ẹ wo fíúsì tó wà lẹ́yìn. Mo rí ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, fíúsì 3 A ni wọ́n fi sí i. Fóòtì 230 lọ́nà 3, ó jẹ́ 690. Báwo ni ohun tí kò lè fa 700 láti ara ògiri ṣe máa fi 2000 ránṣẹ́ sí sípíkà, kó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀?

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Mo máa ń so résísítọ̀ ńlá óòmù 4 mọ́ ẹnu áńpù dípò sípíkà, irú èyí tó lè gba ooru, mo sì máa ń gbé e sínú omi nínú garawa. Mo á ṣe ohùn 40 Hz lórí fóònù, mo á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí iná pupa yóò fi fẹ́ tàn, mo á dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà náà ni mo á fi mítà ka fóòtì AC. Fóòtì lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ fi óòmù pín in. Tí mítà bá ka 35, 35 lọ́nà 35 jẹ́ 1,225. Ẹ fi 4 pín in, ó jẹ́ 306. Áńpù ti ỌmọOnílù yìí, tó bá ka nǹkan bí 35, ojúlówó 300 ni. Ẹni tí kò bá mọwọ́ iná kó má dán an wò o, fóòtì ẹnu áńpù ńlá lè ṣe èèyàn léṣe.

Ọ̀nà méjì ni súbù fi ń kú sí mi lọ́wọ́. Èyí tó fi ìrìn àjùlọ kú, kọ́ìlì rẹ̀ á ti wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti tẹ̀ bí agolo tí mọ́tò tẹ̀. Èyí tí áńpù sun jóná, ẹ ò ní tíì tú u tán tí òórùn á fi sọ fún yín: bíi ti fáníìṣì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Kọ́ìlì tó yẹ kó pọ́n bí kọ́bọ̀ àtijọ́ á ti dúdú, wáyà rẹ̀ á máa tú bí òwú. Kó tó dé bẹ̀, ohùn á ti máa dín kù fúnra rẹ̀, torí wáyà tó bá gbóná máa ń dènà iná sí i. Tí kọ́ìlì óòmù 4 bá gbóná kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní dígírì 150, ó ti lé ní óòmù 6 nìyẹn. Ẹni tó ń gbọ́ orin á rò pé áńpù ni kò tó, á tún yí i sókè. Bí ó ṣe máa ń jó nìyẹn.

Ará Peckham

Ẹ ǹ lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn wọ ọ̀rọ̀ náà, torí yàrá ni kò jẹ́ kí n gbádùn súbù mi fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, pákó ni ilẹ̀ ilé, bàbá àgbàlagbà kan sì wà nísàlẹ̀ mi tí mi ò fẹ́ da oorun rẹ̀ rú. Mo gbé súbù sí igun yàrá nítorí pé ibẹ̀ ló ṣófo. Ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo orin ń mú jáde: húúù, húúù. Gìtá béèsì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, súbù mi dúró sójú kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lu ìyáàlù wá kí mi, ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó ní, "Ilù yìí ò sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń kùn." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ìdí rẹ̀ ni pé láàrin ògiri méjì tó kọjú síra, ohùn kan wà tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àyè tó wà láàrin wọn. Á máa lọ, á máa bọ̀, á sì máa gbé ara rẹ̀ lárugẹ. Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá ní mítà pín 343, ìyẹn iye mítà tí ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó rí Hz rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 14 ti ỌmọOnílù jẹ́ mítà 4.27, ó bọ́ sí 40 Hz. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66, ó bọ́ sí 47 Hz. Ẹ rí i? Ohùn tó ń mi tábìlì yín lókè 40 yẹn, ògiri ló ń ràn án lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé òun ló ń jẹ́ kí ìyókù dà bí ẹni pé ó pòórá, torí etí yín ti fi òkè yẹn ṣe òṣùwọ̀n.

Ohun tí mo ṣe: mo gbé súbù sórí sófà gan-an, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Mo fi orin kan tí béèsì rẹ̀ ń rìn ní ẹsẹẹsẹ sí i, mo wá ń rá kòrò kiri ìdí ògiri bí ọmọ oṣù mẹ́jọ, mo ń tẹ́tí. Ní igun, ó ń kùn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí nǹkan. Lábẹ́ fèrèsé, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ògiri sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo béèsì náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lè kà wọ́n. Ibẹ̀ ni mo gbé súbù sí. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n. REW, ìyẹn Room EQ Wizard, sọ́fúwíà tó ń wọn ohùn yàrá lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Máìkì UMIK-1 ni mo rà, ó ń wọ ihò USB, wọ́n sì ń fún un ní fáìlì ìtọ́sọ́nà tó bá nọ́ńbà ara rẹ̀ mu. Mo ní kó gba ohùn kọjá láti 10 Hz dé 200 Hz. Òkè kan wà ní 46 Hz tó fi dB 11 ga ju àwọn tó yí i ká, kòtò kan sì wà ní 62.

Níbi kòtò yẹn ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe. Mo fi dB 9 kún 62 Hz kó lè kún. Áńpù gbóná, kòtò ò yẹ̀. Ohùn tó ń ti ara ògiri padà bọ̀ ló ń pa èyí tó ń lọ. Tí ẹ bá gbé èyí tó ń lọ sókè, èyí tó ń padà bọ̀ á ga bákan náà, wọ́n á sì máa pa ara wọn lọ. Apẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń pọnmi. Kòtò, ẹ gbé súbù tàbí àga yín kúrò lójú ibẹ̀. Òkè ni kí ẹ fi EQ gé. Mo gé dB 9 kúrò ní 46 Hz, ní ìwọ̀n tóóró tó bá fífẹ̀ òkè náà mu, ìkùnsínú yẹn sì dáwọ́ dúró. Bàbá ìsàlẹ̀ náà sọ fún mi pé òun ti ń sùn dáadáa.

ỌmọOnílù, Ìbàdàn

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé máìkì fóònù mi ò lè ṣe é? Mi ò ní ohun tí máa fi gé òkè náà yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà.

Ará Peckham

Fóònù kò ní ṣe é nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ sẹ́ dànù kí afẹ́fẹ́ má baà máa pariwo nínú ìpè. Ẹ wá ẹni tó ní UMIK kí ẹ yá a fún ọjọ́ kan. Ní ti EQ, tó bá jẹ́ pé Windows ni kọ̀ǹpútà yín, tó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ ni gbogbo orin yín ti ń jáde, Equalizer APO tó yín. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹni tó ń gba ohùn láti ara tẹlifíṣọ̀n àti àwọn nǹkan mìíràn ló nílò miniDSP, àpótí EQ kékeré tó ń dá ṣiṣẹ́ láìsí kọ̀ǹpútà.

OnípákóHouston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àpótí ló gbé mi jáde.

Josef Anton Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá KLH, iléeṣẹ́ sípíkà, sílẹ̀ ní 1957 níbí ní Amẹ́ríkà, fi òfin kan lélẹ̀ tí àwa tá à ń kan àpótí sípíkà ò tíì rí ọ̀nà gbà yà á. Ohun mẹ́ta la máa ń fẹ́: ohùn tó jinlẹ̀, àpótí kékeré, àti sípíkà tí kì í jẹ wáàtì púpọ̀. Méjì ni wọ́n máa fún ọ. Edgar Villchur ti mú méjì tirẹ̀ ní 1954 pẹ̀lú sípíkà rẹ̀ AR-1: àpótí kékeré tí a dí pa, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi sípíríìnì, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Wáàtì ló fi sanwó rẹ̀. Lítà 60 tí àbúrò wa dí pa, ojú ọ̀nà yẹn ló wà.

Bí kò bá fẹ́ sanwó wáàtì, ó lè sanwó àyè. Àpótí oníhò ni mò ń sọ. Sọ ọ́ di lítà 100, kí o fi páìpù PVC onínṣì 4 kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí i, á máa kọrin ní nǹkan bí 25 Hz. Lójú 25 Hz yẹn, páìpù ló ń ṣiṣẹ́, kóònù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Tí páìpù bá ń súfèé nígbà tí ohùn bá lọ sókè, méjì ni kí o lò, àmọ́ gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá di nǹkan bí 68. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìyẹn, tí wọ́n á ge méjì ní gígùn kan náà, tí ohùn á sì fò sókè. Kí o sì tún rí i pé sípíkà rẹ bá irú àpótí bẹ́ẹ̀ mu, torí ẹlòmíràn wà tí wọn ò ṣe fún ihò rárá.

Ewu àpótí oníhò wà nísàlẹ̀ 25. Afẹ́fẹ́ tó ń di kóònù mú kò sí mọ́, ihò ti tú u sílẹ̀, kóònù á wá máa já fìrìfìrì. Má fi EQ kún ohunkóhun nísàlẹ̀ ibi tí páìpù ti ń kọrin, láéláé. Fi asẹ́ sí i tí á máa sẹ́ gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ dànù.

Tó bá jẹ́ pé àpótí dídí ni o fẹ́ máa lò lọ, ọgbọ́n Siegfried Linkwitz ni kí o tẹ̀ lé. Ọmọ Jámánì ni, Hewlett-Packard ní Kalifọ́níà ló ti ṣiṣẹ́. Dípò kí o máa gbé 20 Hz sókè bó ṣe wù ọ́, o máa sọ fún EQ ibi tí àpótí rẹ ti ń já gan-an, kí o sì sọ ibi tí o fẹ́ kó ti máa já. EQ á fa ìlà kan tó bá àbùkù àpótí náà mu rẹ́gí. miniDSP mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí o bá sọ pé kó ti máa já ló máa sọ owó rẹ̀. Láti 40 dé 20 Hz, dB 12 ni, wáàtì ìlọ́po 16. Láti 40 dé 28 Hz, nǹkan bí dB 6 ni, wáàtì ìlọ́po mẹ́rin. Wo ìyàtọ̀ yẹn. Okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá béèsì olókùn márùn-ún, nǹkan bí 31 Hz ló wà. Ti olókùn mẹ́rin, 41. Tó bá jẹ́ orin ni olórí ohun tí ẹ ń gbọ́ pẹ̀lú bàbá, 28 ti kó gbogbo rẹ̀ tán.

Nǹkan kan tún wà tí mò ń jowú yín lé lórí: ilé búlọ́ọ̀kù. Nísàlẹ̀ ohùn àkọ́kọ́ ti yàrá, ìyẹn nísàlẹ̀ 40 Hz nínú pálọ̀ tìrẹ, yàrá kì í jẹ́ kí ìgbì rìn mọ́. Ńṣe ló máa ń di bíi bàlúùnù tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tí gbogbo inú rẹ̀ ń wú, tó tún ń súnkì. Èyí máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ ga lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, igi tín-ín-rín àti pákó jípúsọ́ọ̀mù ni ògiri ilé mi, ohùn ìsàlẹ̀ ń gba inú rẹ̀ jáde lọ bá àwọn ará àdúgbò. Tìrẹ á dúró sínú ilé, bí o bá ti lúfà.

Atúnrédíòṣe, Aláàbà

Ẹ̀gbọ́n Houston, mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn kà á tán kí wọ́n rò pé áńpù ńlá kò dára. Áńpù ńlá tí ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ ń lò kì í ba sípíkà jẹ́. Áńpù kékeré tí wọ́n fipá lò, tó ń gé orí ohùn, òun ni mò ń rí lórí tábìlì mi lójoojúmọ́. Kí a ní àyè díẹ̀ lókè dára. Ohun tí mò ń bá jà ni pé kí èèyàn lọ fi owó ilé ra wáàtì tí kóònù rẹ̀ ò lè rìn.

ÌyáÀkọrin, Abẹ́òkúta

Ẹ kú àfikún o. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ìjọ wa, mo sì rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọmọ yìí léèrè pé iná wo ló ń lò.

Ọmọ mi, tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ni, èyí tó jẹ́ VA 650, iná pupa rẹ lè máa tàn kó má jẹ́ ẹ̀bi áńpù rárá. Lọ́jọ́ kan tá a ń ṣe àìsùn, mo gbé mítà lé ojú iná, ó ń ka fóòtì 215. Bí onígìtá béèsì bá ti tẹ okùn ìsàlẹ̀, gílóòbù á ṣe dẹ̀dẹ̀, mítà á já sí 180. Áńpù tí ilé iná rẹ̀ jẹ́ tàráńsífómà lásán, bí fóòtì ògiri bá já, wáàtì rẹ̀ á já lọ bá a. Tí fóòtì bá dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, wáàtì tó lè jáde á dín kù ní ohun tó sún mọ́ ìdajì. Ẹ rí i pé wáàtì 300 ti di 170 kí EQ tó dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé súbù ń jẹ iná púpọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ o. Ìlù a máa dún, a sì dákẹ́. Tí a bá pín in dọ́gba, ìdá kan nínú mẹ́jọ wáàtì áńpù ni àwọn tó ń ṣe é máa fi ń díwọ̀n iná tí orin ń jẹ. Bó ṣe ń fà á lójijì ni ìṣòro. Ńfátà tó dáa, tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, máa ń gba ìfàlójijì yẹn dáadáa ju jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ. Tí o bá sì fẹ́ ra áńpù tuntun lọ́jọ́ iwájú, èyí tó jẹ́ class D ni kí o rà. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó bá gbà ló lè sọ di ohùn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Àwọn àtijọ́ tó wúwo, nǹkan bí ìdajì ló ń sọ di ooru.

Àti pé bọ́tìnnì tí wọ́n kọ gain sí, kì í ṣe ti wáàtì. Bó bá wà ní ìdajì, kò túmọ̀ sí pé ìdajì agbára ló ń lò. Bí ohun tó ń wọlé bá ti ga tó, áńpù lè dé òpin rẹ̀ nígbà tí bọ́tìnnì ṣì wà ní ìdá mẹ́ta. Àwọn ọmọ akọrin wa ò tíì gbà á gbọ́ títí dòní.

ỌmọOnílù, Ìbàdàn

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é.

Mo rí UMIK-1 yá lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń gba ohùn orin sílẹ̀ ní Bódìjà. Mo kọ́kọ́ ṣe bí Àǹtí Peckham ṣe ní kí n ṣe, mo gbé súbù sórí àga bàbá mi, mo ń rá kòrò. Màmá mi wọlé bá mi nílẹ̀, wọ́n rò pé mò ń wá owó. Igun tí mo gbé e sí tẹ́lẹ̀ ló burú jù. Àárín ògiri gígùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ló mọ́ jù.

Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, òkè wà lóòótọ́: dB 8 ní 47 Hz, dB 4 ní 40. Mo ń wo nọ́ńbà tí Àǹtí fi ẹsẹ̀ bàtà ṣírò láì rí pálọ̀ wa, ó sì wà lójú kọ̀ǹpútà mi. Mo gé méjèèjì. Mo wá ní kí Linkwitz gbé ibi tó ń já láti 40 lọ sí 28 Hz, mo sì fi asẹ́ sí 18 Hz kí kóònù má baà máa sáré lásán nísàlẹ̀.

Ti lúfà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣí, mo tún wọ̀n ọ́n nígbà tí mo ti gbogbo rẹ̀, tí mo ti ilẹ̀kùn. Ní 25 Hz, dB 4 ló fi yàtọ̀. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì wáàtì lọ, láti ara gíláàsì àti irin tí mo kàn fọwọ́ tì. Ooru mú wa, àmọ́ a gbọ́ orin.

Iná pupa ò tàn mọ́, a sì ń gbọ́ ọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n jókòó, wọ́n fi àwo orin kan tí wọ́n ti ń gbọ́ kí wọ́n tó bí mi sí i. Ní àárín rẹ̀ wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n dákẹ́, wọ́n wá ń fi ìka ta ọwọ́ àga, wọ́n ń tẹ̀ lé béèsì náà lọ, ó ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tó ń ṣe níbí nìyí láti ọjọ́ yìí?"

Ìbéèrè tó kù: fíìmù. Tí ohùn ìsàlẹ̀ gan-an bá dé, mo ṣì ń gbọ́ pé kóònù ti fẹ́ dé òpin ìrìn rẹ̀. Ṣé kí n fi sípíkà kejì kún un?

OlùkọFísíìsì, Ẹdẹ

Bẹ́ẹ̀ ni, kóònù ni kí o rà báyìí, kì í ṣe wáàtì. Súbù méjì tó bára dọ́gba, tí wọ́n ń tì pọ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè tì á di ìlọ́po méjì, ìyẹn dB 6 sí i lókè òpin ìrìn. Nínú iṣẹ́ tí Todd Welti ṣe ní Harman, iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn, ní 2002, ó rí i pé nínú yàrá onígun mẹ́rin, súbù méjì ní àárín ògiri méjì tó kọjú síra máa ń jẹ́ kí ohùn dọ́gba dáadáa láti àga kan sí òmíràn. Tìrẹ ti wà ní àárín ògiri kan. Gbé ìkejì sí àárín ògiri tó kọjú sí i, kí o sì tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Má lo EQ ti ọ̀kan fún méjì, torí òkè 47 yẹn lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́.

Atúnrédíòṣe, Aláàbà

Kí o tó so ó: sípíkà óòmù 4 méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di óòmù 2 lójú áńpù. Wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí wọn ò bá kọ 2 síbẹ̀, má so ó bẹ́ẹ̀, á gbóná títí yóò fi kú. So wọ́n tẹ̀ léra, ó di 8, wáàtì á dín kù sí nǹkan bí 150 fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n méjì ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, ohùn tí wàá gbọ́ kò ní dín ju ti ọ̀kan yẹn lọ, kóònù á sì máa rìn ní ìdajì.

ỌmọOnílù, Ìbàdàn

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. 4 ló kéré jù tí wọ́n kọ. Mo máa so wọ́n tẹ̀ léra. Pákó wà nílẹ̀, kàfíńtà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òun máa gé e fún mi. Mo máa gbé ìlà tuntun tí REW bá fà wá síbí.